Sànmánì inú Dáníẹ́lì

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, iná ò sí, mo bá fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ka Dáníẹ́lì orí 7. Ibi tí ìwo kékeré tó hù lórí ẹranko kẹrin inú ìran Dáníẹ́lì ti fẹ́ yí àkókò àti òfin padà ni mo há sí, torí lánàá wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹ̀ ní Bíbélì stọ́dì, ẹnì kan ní ọjọ́ ìsinmi ni, òmíì ní kàlẹ́ńdà ni.

Láti ẹsẹ 4 orí 2 títí orí 7 fi parí, èdè Árámáíkì ni wọ́n fi kọ ọ́. Níbi tí ìwo yẹn ti fẹ́ yí àkókò padà, "zimnin" ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ẹ̀ ni "zeman", àkókò tí wọ́n ti dá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pa àwọn amòye Bábílónì, zeman ni Dáníẹ́lì tọrọ lọ́wọ́ ọba, bí èèyàn ṣe ń bẹ lańdílọ́ọ̀dù pé kó dá ọjọ́ fóun. Ìgbà méje tí Nebukadinésárì fi jẹ koríko bíi màlúù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, "iddan" ni.

Àmọ́ orí 6 ló gbé mi lọ jàre. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí Dáníẹ́lì ń kúnlẹ̀ lójúmọ́, zimnin náà ni wọ́n pè é! Òfin Mídíà àti Páṣíà tí wọ́n fi mú un, "dat" ni, òfin Ọlọ́run ẹ̀ náà, dat ni, dat yìí kan náà ló tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ zimnin ní orí 7. Mi ò sọ pé gbogbo ìtumọ̀ ẹ̀ nìyẹn o, ṣùgbọ́n yíyí àkókò àti òfin padà yìí, ṣé wọn ò ti kọ́kọ́ dán an wò lára Dáníẹ́lì fúnra ẹ̀ ni? Ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má gbàdúrà sí ẹlòmíì àfi ọba, bàbá wọlé, fèrèsé ẹ̀ tó kọjú sí Jerúsálẹ́mù ṣí sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

Nígbà tí òjò dá mo lọ ra àkàrà lọ́dọ̀ Ìyá Ráfíù. Igi ti tutù, èéfín ń wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n ní "sànmánì yìí mà le o, ẹ wo iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹ̀wà."

Sànmánì kẹ̀! Zaman ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, zamani lẹ́nu Háúsá, òun ló dé ọ̀dọ̀ wa tá a fi ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ ìyá kan náà lòun àti zeman Dáníẹ́lì. Mo kàn dúró, mo ń wò wọ́n.

"Kí ló dé, ṣé o ò fẹ́ ata ni?"

Mo ní mo fẹ́, mà.