Àpótí Sípíkà Gìtá Méjì: Pákó Àfàrà àti Pláíwúùdù

Ọ̀sẹ̀ kìíní. Ohun tí mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ni bóyá igi tí a fi kan àpótí sípíkà lè yí ohùn gìtá padà. Àpótí méjì tí ìwọ̀n wọn dọ́gba ni mo ń kàn fún sípíkà oní-íńṣì 12 kan ṣoṣo, tí màá máa tú láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Pákó àfàrà ni mo fi ṣe ọ̀kan, torí pé ó fúyẹ́ bíi páìnì tí ilé iṣẹ́ Fender ní Kalifọ́níà fi ń kan àpótí ampilifáyà wọn ní àwọn ọdún 1950. Èkejì jẹ́ pláíwúùdù milimítà 18. Pláíwúùdù igi birch ni a mọ̀ mọ́ àpótí onísípíkà mẹ́rin ti Marshall, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ampilifáyà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Nínú pláíwúùdù, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a lẹ̀ mọ́ ara wọn, ìhun ọ̀kan sì dábùú èkejì, ìdí nìyẹn tó fi le ní ìhà gbogbo. Pákó gidi máa ń le ní gígùn, ó sì máa ń rọ̀ ní ìbú.

Ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹni tó ta àfàrà fún mi fi dá mi lójú pé ó ti gbẹ, mo sì gbà á gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọyẹ́ ti dé ni pákó náà sún kì, tí igun òkè lápá òsì sì là débi tí káàdì fóònù lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ta okùn tó nípọn jù, èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, igun náà ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo to àwọn pákó náà sí òjìji, mo fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá, mo sì ń gbé ọ̀kan nínú wọn sórí òṣùwọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, títí ó fi di pé kò fúyẹ́ sí i mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Àpótí méjèèjì ti dúró, ẹ̀yìn wọn ṣí sílẹ̀. Nígbà tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ àpótí àfàrà bí mo ṣe ń ta gìtá, mo rí i pé igi náà ń gbọ̀n rìrì, ohùn àárín rẹ̀ kún, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti pa okùn mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ pláíwúùdù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì ń dá wáí. Àwọn agbẹ́lù tó ń wá igi ọ̀mọ̀ fún dùndún mọ̀ pé ara igi wà lára ohùn ìlù. Ní ti àpótí sípíkà, mo fẹ́ kí igi dá sí i níwọ̀nba ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Mo yọ pákó iwájú tó gbé sípíkà dúró lára àpótí àfàrà, èyí tó jẹ́ pláíwúùdù milimítà 18, mo sì fi ti milimítà 9 rọ́pò rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí mo gbọ́ ju èyí tó wà láàárín àpótí méjèèjì lọ: ohùn náà fẹ̀, ó rọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ta okùn mẹ́ta nísàlẹ̀ pọ̀, wọ́n ń dà rú mọ́ ara wọn. Nígbà tí mo tún dí ẹ̀yìn pa, ohùn ìsàlẹ̀ le sí i, ó sì ń bọ̀ tààrà láti iwájú nìkan. Ní ìdájọ́ tèmi, ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọdọ̀ ná an tán sórí pákó ẹ̀gbẹ́. Pákó iwájú ni kí ó kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn náà kí ó rò ó bóyá yóò dí ẹ̀yìn tàbí yóò ṣí i. Mi ò lo HDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi èérún igi tẹ̀ pọ̀ ṣe, nítorí ó wúwo, síkúrù tí a bá sì ń tú léraléra kì í pẹ́ yọ̀ nínú rẹ̀.

Pákó iwájú milimítà 12 ló kù tí mo fẹ́ dán wò. Mo ti fi pẹ́ńsùlù fa òbìrí sẹ̀ǹtímítà 28 sórí rẹ̀, ọ̀la ni màá sì fi ayùn gé e.