Ẹ wo power pack kí ẹ tó wo graphics card: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa kọ̀ǹpútà géèmù olówó pọ́ọ́kú

Bí ẹni tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà gbá géèmù bá dé ọjà kọ̀ǹpútà ní Queen Cinema ní Èkótẹ̀dó tàbí Ìwó Road n'Íbàdàn, graphics card, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù sójú screen, ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ibi tó yẹ kó parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀ yẹn. Ohun tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ jù n'Íbàdàn ni iná tó ń lọ tó ń bọ̀, power pack (àpótí tó ń pín iná fún àwọn nǹkan inú kọ̀ǹpútà) tí kò lágbára, àti eruku. Káàdì kankan ò sì lè ṣe ju ohun tí power pack bá fún un lọ. Mi ò ní kọ iye owó síbí, torí iye tí wọ́n ń pè lónìí kọ́ ni wọ́n máa pè lóṣù tó ń bọ̀.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀, ọ̀nà tí mo fara mọ́ jù ni kó ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, bíi Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk, kó wá fi RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) àti graphics card kún un. Ẹ wo ìdúró rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó ga tó sì fẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tower, ni kí ẹ mú. Èyí tó tẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní SFF, káàdì kúkúrú tó ń jẹ́ low profile nìkan ló ń gbà, irú káàdì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà, ó sì máa ń wọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí tó kéré jù, tí ẹ lè gbé lé àtẹ́lẹwọ́, ò ní ojú tí ẹ máa ki graphics card bọ̀ rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka nọ́ńbà processor Intel, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i7 ló ń sọ ìran tó jẹ́: i5-3470 jẹ́ ìran kẹta, i5-6500 jẹ́ ìran kẹfà, i5-8500 jẹ́ ìran kẹjọ. Core ni òṣìṣẹ́ inú processor, thread ni iye iṣẹ́ tí wọ́n lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà: i5-6500 ní core 4 àti thread 4, i7-6700 ní core 4 àti thread 8, i5-8500 sì ní core 6. Microsoft ò fọwọ́ sí Windows 11 lórí Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, wọ́n sì ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025. Géèmù Valorant lórí Windows 11 tún ń béèrè ohun ààbò méjì, TPM 2.0 àti Secure Boot. Nítorí náà, bí owó yín bá ká a, ẹ dé ìran kẹjọ. Bí kò bá ká a, ìran kẹfà ṣì ń gbá ọ̀pọ̀ géèmù. Bó ti wù kí ìran kẹta pọ́ọ́kú tó, mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ mọ́: RAM oríṣi àtijọ́, DDR3, ló ń lò, ẹ ò sì ní lè yọ ọ́ sínú motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà) tó ń lo DDR4 lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀.

Power pack inú àwọn tower wọ̀nyí sábà máa ń wà láàárín 240W sí 320W, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní wáyà 6-pin tó ń lọ sára graphics card. Ojú PCIe, ìyẹn ojú tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lórí motherboard, lè fún káàdì ní 75W, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì tí kò nílò wáyà ni kí ẹ máa wá: GTX 1050 Ti 4GB, GTX 1650 tí kò ní ojú 6-pin (ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí àwọn kan ní in), tàbí RTX 3050 oní 6GB tó ń jẹ 70W. RX 6400 ń jẹ 53W péré, ṣùgbọ́n lane (ọ̀nà tí dátà ń gbà) 4 nìkan ló ń lò. Bí motherboard bá jẹ́ PCIe 3.0, bíi ti àwọn tòkunbọ̀ yìí, agbára rẹ̀ á dín kù. GT 1030 ní oríṣi méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà. Èyí tó ní GDDR5 (memory tó yára) ṣeé fara dà fún géèmù kékeré; èyí tó ní DDR4 ń wọ́ gan-an, mi ò sì ní rà á.

Káàdì RX 580 tí ẹ máa rí káàkiri ńkọ́? 185W ló ń jẹ, ó sì nílò wáyà 8-pin. Ẹni tó ń tà á lè ní kí ẹ kàn pààrọ̀ power pack. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Motherboard OptiPlex 9020 kì í lo wáyà 24-pin tí power pack ọjà ní; 8-pin ni tirẹ̀. Ti EliteDesk 800 G1 jẹ́ 6-pin. Adapter wà fún un, àmọ́ ẹ rí i dájú pé ó bá àwòṣe yín gan-an mu kí ẹ tó sanwó power pack.

Bó bá jẹ́ pé tuntun lẹ fẹ́ tò láti ìbẹ̀rẹ̀, processor Ryzen 5 5600G lórí motherboard B450 tàbí B550 ni mo máa ń tọ́ka sí. Ó ní core 6 àti thread 12, graphics sì wà nínú rẹ̀, ẹ lè máa gbá Valorant àti eFootball títí owó káàdì á fi pé. Ẹ fi RAM 8GB méjì sí i, ẹ má fi 16GB ẹyọ kan, torí graphics inú rẹ̀ ń yá RAM lò. Bí RAM bá jẹ́ ẹyọ kan, ìdajì ọ̀nà ni dátà ń gbà, géèmù á sì máa wọ́. Bí motherboard B450 bá ti pẹ́ nílẹ̀, BIOS rẹ̀ (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà dìde) lè má mọ 5600G. Ẹ ní kí wọ́n tan án lójú yín. Processor i3-12100F náà dára, ṣùgbọ́n F yẹn túmọ̀ sí pé kò ní graphics kankan. Láìsí káàdì, kò ní gbé nǹkan kan wá sójú screen.

Tí ẹ bá wá fẹ́ ra power pack, ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí gbọ́. Ẹ ka bébà tó wà lára irin rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ 12V sí, kí ẹ wá fi iye A (amp) tó wà níbẹ̀ sọ 12 di púpọ̀. Power pack tí wọ́n pè ní 500W, tó wá kọ 12V 18A, 216W péré ló lè fún processor àti káàdì. Èyí tó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ náà ń kọ mí lóminú. Fún RX 580 tàbí GTX 1660 Super, ẹ wá 500W tòótọ́ tó ní wáyà 8-pin tirẹ̀.

Ohun kékeré kan wà tó ti sun ọ̀pọ̀ power pack: súìsì pupa tó wà lẹ́yìn àwọn kan, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà lè wà lórí 115. Iná tiwa jẹ́ 230V. Bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ó máa dún gbàù ni. Èyí tí wọ́n kọ 100–240V sí kò nílò súìsì, òun ni mo sì fẹ́ràn, torí ó máa ń fara da iná tó bá lọ sílẹ̀.

UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ bí iná bá lọ, tí wọ́n kọ 650VA sí kì í ṣe 650W. Nǹkan bí 360W sí 390W ni. Iṣẹ́ tó wà fún ni pé kí ẹ ráyè pa kọ̀ǹpútà dáadáa. Bí iná bá lọ, tí ẹ ò sì ní UPS, ẹ yọ wáyà kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì jẹ́ kí iná tó dé dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó kì í padà.

Káàdì ayédèrú wà lọ́jà. Wọ́n máa ń mú káàdì àtijọ́ bíi GTX 550 Ti, wọ́n á yí BIOS rẹ̀ padà kí ó lè máa pe ara rẹ̀ ní 1050 Ti. Ẹ gbé GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, sórí flash dání lọ. Bó bá kọ FAKE ṣáájú orúkọ káàdì, ẹ má bá wọn ṣàríyànjiyàn, ẹ máa lọ. 1050 Ti tó bá ní ojú VGA (ojú wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́) náà ń mú ìfura wá. Lẹ́yìn náà ẹ fi FurMark, ètò tó ń gbé iṣẹ́ líle fún káàdì, dán an wò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa wo ooru rẹ̀. Bí ìlà tàbí àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi bá ń fò lójú screen, tàbí tí screen ṣàdédé ṣú, ẹ dá a padà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Hard disk àti SSD (disk tó yára) tòkunbọ̀, CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ ìlera disk, ni kí ẹ fi wò wọ́n.

SSD 240GB ò ní pẹ́ kún: EA Sports FC 24 nìkan ń fẹ́ 100GB. Ẹ ra 500GB. Fún data, bí ọ̀rẹ́ yín bá ní géèmù Steam (ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì) tí ẹ̀yin náà ti rà, ẹ da fódà rẹ̀ kọ láti inú steamapps/common, ẹ gbé e sí ibì kan náà lórí tiyín, kí ẹ wá tẹ install. Steam á rí i, ìyókù nìkan ló máa fi data wà jáde. Mọ́nítọ̀ àtijọ́ tó ní VGA nìkan ò ní bá GTX 1650 sọ̀rọ̀ láìsí converter, ẹ fi owó ìyẹn kún ìṣirò yín.

Nígbà ọyẹ́, eruku pupa máa ń dí ojú fáànù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà, ẹ ṣí i níta, ẹ fi blower fẹ́ ẹ. Kí ẹ fi ìka di fáànù mú nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ, torí bó bá ń yí gan-an, ó lè gbé iná padà sínú bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sì lè bàjẹ́.