Ṣé Ọlọ́run ló yá a lówó ni?

Ọjọ́rú Eléérú. Mo gbààwẹ̀, mo gé búláòsì méjì, wọ́n mú iná lọ, mo lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi eérú sí mi níwájú orí. Ìyẹn ni gbogbo ọjọ́ náà.

Inú Micra ni mo ti gbọ́ èyí tí kò jẹ́ kí n sùn, láàárín Mọ́kọ́lá sí Sángo n'Íbàdàn, nígbà tí mò ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin méjì jókòó tì mí lẹ́yìn, èyí tó wà láàárín gbé ike tòmátì lé itan. Ó ń sọ fún èkejì pé, "Ó ní òun ti bá Ọlọ́run sọ ọ́, Ọlọ́run sì ti dárí ji òun." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé Ọlọ́run ló yá a lówó ni?"

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, tèmi tiẹ̀ pọ̀ ju tiwọn lọ, pẹ̀lú eérú níwájú orí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí ẹ̀rín náà tó gbẹ lẹ́nu mi.

Ṣé Ọlọ́run ló yá a lówó ni.

Mi ò tíì kọ èyí síbí rí. Lọ́dún 2008, nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, oníbàárà kan fún mi ní náírà 3,500 pé kí n bá òun fún ọ̀gá. Mi ò fún ọ̀gá. Owó fírídọ́ọ̀mù, ayẹyẹ ìparí ìkọ́ṣẹ́, ni mò ń kó jọ. Nígbà tí wọ́n bèèrè, mo ní inú dúrọ́ọ̀ ni mo fi í sí. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kékeré kan ló máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, òun ni gbogbo ojú yí sí. Ó ku oṣù mẹ́fà kó parí tí wọ́n fi lé e lọ. Ó kó sísọ́ọ̀sì àti téèpù rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó tún kí mi kó tó lọ o. "Àǹtí, ó dàbọ̀."

Mo ti bá Ọlọ́run sọ ọ́. Mo ti bá A sọ ọ́ débi pé ká ní èèyàn ni, ì bá ti ní kí n wá ọ̀rọ̀ míì sọ. Gbogbo Lẹ́ńtì, gbogbo àìsùn ọdún tuntun. Jòhánù Kìíní 1:9, tó ní bí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa Ọlọ́run á dárí jì wá, ni mò ń lò bí ẹní ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí: ara á fúyẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, á tún padà.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí wọ́n tún ka Sáàmù 51. Ìwọ, ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ sí. Ọdọọdún ni mo máa ń fara ti ẹsẹ yẹn bí ẹní fara ti ògiri. Lónìí mo ń bi í pé, Ùráyà ńkọ́? Ẹni tí Dáfídì gba ìyàwó rẹ̀, tó sì fi lẹ́tà ikú rẹ̀ rán òun fúnra rẹ̀ sí Jóábù ọ̀gágun. Bóyá torí pé Ùráyà ti kú ni. Kò sí ẹni tó máa tọ̀ lọ mọ́.

Tèmi ò kú. Tèmi wà lórí WhatsApp.

Ọdún tó kọjá ni mo rí nọ́ńbà rẹ̀ gbà. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ló wà nínú àwòrán, wọ́n wọ ànkárá kan náà. Mo fẹ àwòrán náà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, mò ń wo ojú rírán ọrùn aṣọ. Ó mọ́. Ṣé òun ló rán an? Ṣé ó rí ibòmíì parí iṣẹ́? Àbí ó sanwó fún ẹni bíi tèmi ni…

Mo wá ṣí Bíbélì, mò ń ṣírò bí ẹni tó fẹ́ gé aṣọ. Ìwé Nọ́ńbà orí 5 ní kéèyàn jẹ́wọ́, kó san odindi owó, kó fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e: 4,200. Sákéù agbowó-orí ní òun á san ìlọ́po mẹ́rin: 14,000. Dáfídì pàápàá, nígbà tí kò tíì mọ̀ pé òun ni wòlíì Nátánì ń fòwe bá wí, ó ní kí olè àgùntàn san ìlọ́po mẹ́rin. Ọkàn mi ti ń lọ sórí 4,200. Kódà 14,000 náà, kí ni yóò rà lónìí? Òwú àti bọ́tìnì. Oṣù mẹ́fà ńkọ́, èló ni?

Ibi tó tún gún mi wà nínú Nọ́ńbà kan náà: bí kò bá sí ìbátan tí wọ́n lè san án fún mọ́ ni owó náà tó ń di ti Olúwa, lọ́wọ́ àlùfáà. Ẹ̀yìn pátápátá ni Ọlọ́run tò sí. Òun sì ni mo ti ń sáré lọ bá ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ̀jẹ̀ Jésù ò wá tó ni? Olè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rẹ̀ ò dá kọ́bọ̀ padà fún ẹnikẹ́ni, ó sì bá A dé Párádísè. Òótọ́ ni. Àmọ́ orí igi ló wà, ibo ni ì bá gbà lọ sangbèsè? Èmi, fóònù wà lọ́wọ́ mi.

Bóyá ó ti gbàgbé. Bóyá ara tèmi ni mo fẹ́ kó fúyẹ́, kí tirẹ̀ sì wúwo. Irọ́ ni, kò gbàgbé. Ta ló ń gbàgbé ìyẹn?

Ironúpìwàdà. Ìrònú inú rẹ̀ kò wọ́n lọ́wọ́ mi. Ìwà ni kò tíì dà.

Iná ti dé. Òógùn ti gbé eérú náà wá sí ìpéǹpéjú mi, mi ò tíì fọ̀ ọ́. Mo kọ "Báwo ni", mo pa á rẹ́. Àǹtí ló ń pè mí nígbà yẹn; bí mo bá fi "o" bá a sọ̀rọ̀, ipò àǹtí yẹn náà ni mo tún gbé wá. Bí mo bá lo "ẹ", á rò pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan ni.

Ó dáa, mo fẹ́ tọrọ nǹkan.

"Ẹ káalẹ́ mà." Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Aago mọ́kànlá ti lù, ta ló ń kí èèyàn láago mọ́kànlá òru. Ó di ọ̀la. Àbí…