Ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ayé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èmi fi kọ́ ọmọ méjì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo kọ nǹkan síbí, ẹ má bínú, òjò Àkúrẹ́ ò jẹ́ n gbádùn, aṣọ ò gbẹ, iṣẹ́ ò dín, àwọn ọmọ sì wà nílé torí họ́lídè. Ọ̀rọ̀ ilé lásán ni mo bá wá lónìí. Mo ní kí n kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìtàn bí Ọlọ́run ṣe dá ayé, mo rò pé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo màá ti parí ẹ̀, àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí n kọ́kọ́ fi wọ́n hàn yín. Èyí ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún méje, Ìyá Kékeré ni kí ẹ máa pè é torí bó ṣe ń pàṣẹ káàkiri ilé. Àbúrò ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, Ọ̀gá là ń pè é. Mi ò fẹ́ kọ orúkọ ọmọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé Ìyá Kékeré dé láti sọ́ńdè sùkúù, ó dúró sí àárín pálọ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ka gbogbo ọjọ́ méjèèje bí ẹni ń ka a-b-d, ọjọ́ kìíní ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kejì òfurufú ọjọ́ kẹta ilẹ̀ àti igi, títí dé ìsinmi, kò mí láàárín. Mo pàtẹ́wọ́. Mo wá bi í pé, "Kí wá ni òfurufú?" Ó wò mí bíi pé mo ti ń gbàgbé nǹkan. "Ọjọ́ kejì ni, Mọ́mì."

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, àmọ́ nígbà tó dalẹ́ tí mo dùbúlẹ̀ mo rí i pé bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Oǹdó ni mo ti kọ́ ọ, lábẹ́ ẹgba tíṣà kan tí kì í fẹ́ kéèyàn fi ọjọ́ kan ṣáájú èkejì, mo mọ̀ ọ́n lórí bí omi, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ni òfurufú ń ṣe láàárín omi. Ni mo bá sọ lọ́kàn ara mi pé a ò ní ka ìtàn yìí mọ́, a máa ṣe é ni.

Mo gbé Bíbélì bàbá mi jáde, èyí tó jẹ́ ìtumọ̀ àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, èyí tí odindi ẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1884. Àwọn kan ní èdè ẹ̀ ti gbó jù fún ọmọdé. Irọ́ ni. Ẹsẹ kejì Jẹ́nẹ́sísì péré, a ti kan "júujùu". Ọ̀gá ní kí ni júujùu. Mo ní bí yàrá yín ṣe máa ń rí láàárọ̀ Sátidé. Ó mi orí, ó ti yé e. A kan "rábàbà", Ẹ̀mí Ọlọ́run ń rábàbà lójú omi, mo mú wọn jáde lọ́jọ́ kejì, mo fi àwòdì hàn wọ́n lókè, bó ṣe na ìyẹ́ tí kò lọ síwájú tí kò padà sẹ́yìn. Kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé?

Ọjọ́ kìíní, a dúró di alẹ́ tí kò sí iná (ìyẹn ò ṣòro láti rí). Mo ti wíńdò, mo fa kọ́tìnì, mo kó tọ́ọ̀ṣì àti fóònù pamọ́. Òkùnkùn biribiri. Ọ̀gá di ìró mi mú. Mo ní báyìí ni gbogbo ibi ṣe rí nígbà yẹn, kò sí ilé, kò sí ìta, kò sí ibi téèyàn lè sá lọ. Wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, ohun tí mi ò rí rí nílé yìí. Mo na ọwọ́ sí tọ́ọ̀ṣì, mo ní, "Ọlọ́run sì wí pé, kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà," ẹ lè má gbà mí gbọ́ o, àmọ́ kí n tó tẹ tọ́ọ̀ṣì, iná dé! Fáànù yí, fíríìjì kérora, gbogbo ọmọ àdúgbò figbe ta, ariwo tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀. Ọ̀gá wò mí tìyanu-tìyanu. Láti ọjọ́ náà, iná ò ní lọ kó má wá bá mi ní kíṣìnì pé, "Mọ́mì, ẹ tún sọ ọ́." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Iná ò dé. Ó ní mi ò sọ ọ́ dáadáa.

Ti ọjọ́ kejì ò gba àkókò, ìkòkò iṣu ló bá wa ṣe é. Nígbà tó hó tán mo ṣí ìdérí, mo fi omi tó so mọ́ abẹ́ ẹ̀ hàn wọ́n bó ṣe ń kán tó, omi lókè, omi nísàlẹ̀, àyè láàárín. Ìyá Kékeré ní, "Áà, àyè yẹn ni òfurufú!" Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi.

Ọjọ́ kẹta ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. A gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì, Ọ̀gá sì fa àpótí tì í, ó jókòó, ó ń dúró. Mo ní kí lo ń dúró dè, ó ní Bíbélì sọ pé Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún agolo yẹn títí tó fi sùn lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí a gbìn ín, ẹ̀wà yọ orí, ó tẹ ọrùn bí ẹni ń kí àgbà, inú gbogbo wa dùn, a gbé e síta kó lè rí oòrùn. Kí n tó fọ abọ́ mẹ́ta tán, ewúrẹ́ ilé kejì ti jẹ gbogbo ẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń mi àgbọ̀n. Ọ̀gá sunkún bí ẹni pàdánù mọ̀lẹ́bí, ó ní ta ló dá ewúrẹ́ gan-an. Ìyá Kékeré dá a lóhùn wẹ́rẹ́: "Ọjọ́ kẹfà ni. Kò tíì yẹ kó wà níbí."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìyá ọkọ mi dé láti Oǹdó, Màmá Oǹdó ni wọ́n ń pè é. Màmá kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, àmọ́ tó bá di ìtàn alẹ́, tàwọn bàbá wa ló máa ń sọ, ó sì sọ ti Ilé-Ifẹ̀ fún wọn, bí gbogbo ibi ṣe jẹ́ omi, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run, tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, tí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tàn án títí ó fi di ilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ní kí Ọ̀gá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ó ní Ọlọ́run sọ pé kí ilẹ̀ hàn, adìẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án. Màmá bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí.

Mo mọ ẹni tó jẹ́ pé níbẹ̀ ló máa ti bá màmá jà. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì wù mí láti kọ́ ọmọ Yorùbá pé ìtìjú ni ìtàn àwọn bàbá ẹ̀. Mo sọ fún wọn pé èyí wà nínú Bíbélì, òun la gbà gbọ́ nílé yìí, ìyẹn sì ni ohun táwọn bàbá wa ń sọ nípa bí Ifẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ méjèèjì, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ìyá Kékeré ní, "Ṣùgbọ́n omi ló kọ́kọ́ wà nínú méjèèjì." Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ó wá kan ọjọ́ kẹrin. Gbogbo òbí tó bá ti kọ́ ọmọ ní ìtàn yìí ló mọ ìbéèrè tó ń bọ̀: tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kẹrin ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kìíní ńkọ́, ibo ló ti wá? Nígbà tí mo bi tíṣà mi ní irú ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n kúnlẹ̀. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀, mo pe bàbá wọn. Òun ló ní ká gba páálí kan ká fa ìlà sí àárín, ká kọ ọjọ́ kìíní dé ìkẹta sápá òsì, ìkẹrin dé ìkẹfà sápá ọ̀tún, ká wá wò wọ́n lójúkojú. Ìmọ́lẹ̀ lápá òsì, oòrùn òṣùpá àti ìràwọ̀ lápá ọ̀tún. Òfurufú àti omi lápá òsì, ẹyẹ àti ẹja lápá ọ̀tún. Ilẹ̀ àti ewéko, ẹranko àti èèyàn. Mo pariwo! Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti mọ ìtàn yìí lórí, mi ò rí i rí. Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ni, wọ́n á kọ́ yàrá tán kí ẹrù tó wọlé. Bàbá wọn tún ní ká tún ọjọ́ kẹrin kà dáadáa, ẹ ò ní rí orúkọ oòrùn tàbí òṣùpá níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ńlá àti ìmọ́lẹ̀ kékeré ló pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì rèé àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Ísírẹ́lì ká ń bọ wọ́n bí ọlọ́run. Nínú ìtàn yìí, àtùpà tí wọ́n gbé kọ́ ni wọ́n. Ṣé ìyẹn dáhùn ìbéèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ti wá? Ó tì o. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé Bíbélì ò sọ ju pé Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó yà mí lẹ́nu. Alẹ́ mẹ́ta la tẹ́ ẹní síta kí ìkùukùu tó jẹ́ ká rí òṣùpá.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjà Ọba la gbà lọ, nídìí àwọn tó ń ta ẹja àrọ̀ tútù nínú bàsíà. Ọ̀gá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹja ta omi sí i lójú, ó ta sí oníbàárà tó dúró tì wá náà. Ìyá ẹlẹ́ja ní, "Ìyá ọlọ́mọ, ṣé ẹ fẹ́ rà ni àbí ẹ wá wòran?" Kí n tó dáhùn, Ọ̀gá ti bi í pé ṣé ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n dá àwọn ẹja ẹ̀. Obìnrin náà ronú díẹ̀, ó ní, "Rárá o, ọkọ mi, àárọ̀ yìí ni wọ́n kó wọn dé." Mo ra méjì, ojú tì mí láti má rà. Nígbà tí à ń padà a rí lékeléke, wọ́n na èékánná sí wọn bí gbogbo wa ṣe ń ṣe ní kékeré, ìyẹn la fi ṣe ti ẹyẹ.

Ọjọ́ kẹfà ló pẹ́ jù. Òjò ti rọ̀, a lọ bu amọ̀ lẹ́yìn ilé, kálukú mọ èèyàn tiẹ̀. Ti Ìyá Kékeré, gèlè ẹ̀ tóbi ju ara lọ. Ti Ọ̀gá dùbúlẹ̀ gbalaja, ó sì dọ̀bálẹ̀ tì í, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, fúú. Ó dúró. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó gbé ojú sókè sí mi, ó ní, "Kò dìde." Ohùn ẹ̀ ti ń gbọ̀n, mi ò sì fẹ́ wàásù. Mo kàn bi í pé èémí tó fẹ́ sí i yẹn, ibo ló ti rí i. Ó ní inú òun. Mo ní ta ló fi síbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ alámọ̀ lé àyà, aṣọ funfun ni o, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ló bá sáré lọ. Màmá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní nílé wa náà, Òrìṣà-ńlá ló ń mọ ara, Olódùmarè nìkan ló ń fi èémí sí i. Mi ò sọ nǹkan kan. Mo bá wọn palẹ̀ amọ̀ mọ́.

Ẹnì kan ti sọ fún Ìyá Kékeré pé egungun ìhà ọkùnrin fi ọ̀kan dín sí tobìnrin torí èyí tí Ọlọ́run yọ lára Ádámù. Mo ní kó ka ti bàbá ẹ̀. Ó ń kà á, ẹ̀rín ń pa bàbá ẹ̀, ó ń já ara gbà, a ò rí i kà dópin. Kí ẹ̀yin tí wọ́n sọ ọ́ fún náà mọ̀ o, 12 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 24 lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bíbélì ò sì sọ pé àwọn ọmọ Ádámù pàdánù nǹkan kan. Kò sọ ápù náà, èso igi ló pè é, àwọn èèyàn ló sọ ọ́ di ápù lẹ́yìn náà. Agbálùmọ̀ lòun máa yà, Ìyá Kékeré ní, torí ó ti mọ bó ṣe ń ṣòro láti kọ̀ ọ́.

Ọ̀gá tún béèrè bóyá Ádámù jẹ pọ̀nmọ́. Rárá o, ewéko àti èso ni Ọlọ́run fún wọn ní orí kìíní, ẹ̀yìn ìkún-omi Nóà ni ó tó yọ̀ǹda ẹran, orí kẹsàn-án. Ojú ẹ̀ fà ro fún Ádámù.

Ibi tí a ti fẹ́ ṣe tán la ti há. Ní òpin ọjọ́ kọ̀ọ̀kan a jọ máa ń sọ pé "Ọlọ́run sì rí i pé ó dára," a sọ ọ́ fún màlúù, a sọ ọ́ fún aláǹgbá, ó ku ewúrẹ́, Ọ̀gá pa ẹnu dé. A bẹ̀ ẹ́. Ó ní ewúrẹ́ ò dára. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwọ. Ó ní kí Ọlọ́run gbin ẹ̀wà kó wò ó.

Ti ọjọ́ keje, Sọ́ńdè la fi sinmi, aládùúgbò wa tó ń pa Sátidé mọ́ mọ̀ pé mi ò bá a jà. Ìyá Kékeré nìkan ló rí nǹkan níbẹ̀. Ó ní gbogbo ọjọ́ tó kù ni wọ́n sọ pé àṣálẹ́ àti òwúrọ̀, kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún ti keje. Mo ṣí i wò. Òótọ́ ni, kò sí níbẹ̀. Mo ti mú ìbéèrè yẹn lọ bá pásítọ̀ wa, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìtàn Nóà ló kàn. Lálẹ́ àná mo kàn dárúkọ ọkọ̀ náà ni, mo ní ẹranko gbogbo, akọ àti abo, ló máa wọ̀ ọ́, Ọ̀gá dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní ṣé ewúrẹ́ náà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé Nóà ò lè gbàgbé ẹ̀ síta.