Zanzibar: Ẹ Wo Òṣùpá Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó Òtẹ́ẹ̀lì

Ohun tó sábà máa ń ba ìrìn àjò Zanzibar, erékùṣù Tànsáníà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, jẹ́ fún ẹni tó ń ti Ìlọrin lọ ni pé ó ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko kó tó kúrò nílé. Etíkun ìlà-oòrùn ló máa ń yàn, torí pé fọ́tò ibẹ̀ wuyì. Ilẹ̀ á mọ́ lọ́jọ́ kejì, á ṣílẹ̀kùn, òkun ò sí níbẹ̀ mọ́. Iyanrìn funfun ló kù, àti koríko òkun, àti ọkọ̀ ojú omi tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹran tó rẹ̀. Omi ti fà lọ sọ́hùn-ún réré.

Bí òkun ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà, àsìkò rẹ̀ sì máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Òṣùpá ló wà nídìí ẹ̀. Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, omi á kún kọjá bó ṣe yẹ, á sì tún fà kọjá bó ṣe yẹ. Àárín kíkún àti fífà lè tó mítà mẹ́rin. Nírú àwọn ọjọ́ yẹn, láàárín aago 10 sí 11 àárọ̀ ni omi máa ń fà tán, tó bá sì di nǹkan bí aago mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ti kún padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di òdìkejì: àárọ̀ ni omi á kún, kò sì ní fà jìnnà tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń ka oṣù Lárúbáwá, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kà á ní Ìlọrin, ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́: ọjọ́ kìíní sí ìkẹta oṣù, àti nǹkan bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹtàdínlógún, ni omi ń fà jù. Ẹ ṣáà tún wá àtẹ omi Zanzibar ("tide table"), tó ń sọ àsìkò kíkún àti fífà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ kọ wákàtí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, torí kì í ṣe gbogbo ibi ni nẹ́tíwọ̀kì ti dáa.

Nítorí náà, òru mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀ sílẹ̀: méjì àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, ní Stone Town, àdúgbò àtijọ́ ìlú Zanzibar, tó sún mọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹ fi àárín sílẹ̀ gbayawu, tàbí kẹ́ ẹ mú òtẹ́ẹ̀lì tó máa dá owó padà tẹ́ ẹ bá fagi lé e. Erékùṣù Unguja, tí gbogbo ayé ń pè ní Zanzibar, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 85 ní gígùn. Láti Stone Town dé Nungwi lápá àríwá kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà ju Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ẹ lè sùn síhìn-ín lónìí kẹ́ ẹ sùn sọ́hùn-ún lọ́la.

Nungwi àti Kendwa ni kẹ́ ẹ wà lọ́jọ́ tí omi ń fà jù, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ wẹ̀. Omi kì í fà jìnnà níbẹ̀. Paje àti Jambiani ní ìlà-oòrùn dáa fún ẹni tó fẹ́ rìn: nígbà tí omi bá fà ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń jáde lọ sóko, oko inú òkun, wọ́n gún igi kéékèèké mọ́ iyanrìn, wọ́n na okùn sáàárín, wọ́n so koríko òkun mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ bàtà tó ní àtẹ́lẹsẹ̀ líle. Ẹran omi kan wà níbẹ̀ tó dúdú, tó rí roboto, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀gún. Tó bá gún èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹ̀gún á kán sínú ẹran ara. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà kí omi tó yí, torí ó máa ń gba inú kòtò wọlé sẹ́yìn ẹni tó ń wo iwájú.

Ti òjò ńkọ́? Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni òjò ńlá wọn, tí wọ́n ń pè ní masika, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì etíkun a sì máa tì pa nígbà náà. Vuli, òjò kékeré, ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, tí òjò ń pa wá nílé, ni ọ̀hún gbẹ, ọlidé gígùn àwọn ọmọléèwé sì bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí òjò bá dé lójijì, ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹrú nígbà kan ní Stone Town. Ọdún 1873 ni wọ́n ti ọjà náà pa, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, ẹ gba ọkọ̀ omi lọ sí erékùṣù kékeré Changuu láàárọ̀, kí atẹ́gùn ọ̀sán tó ru omi sókè, kẹ́ ẹ lọ wo àwọn ìjàpá ràgàjì tí wọ́n kó wá láti Seychelles. Oko kànáfùrù àti igbó Jozani, níbi tí ọ̀bọ onírun pupa wà, ọjọ́ kọ́jọ́ ló bá wọn mu.

Ní ti ìwé, ẹ má fi ohunkóhun sílẹ̀ di ọ̀la. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ sì mú yẹ́lò káàdì dání. Ìkànnì ìjọba Tànsáníà, tó parí sí .go.tz, ni kẹ́ ẹ ti gba físà. Àwọn mìíràn tó jọ ọ́ ń bu owó tiwọn lé e. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, àlejò gbọ́dọ̀ ra ìnṣọ́ráǹsì Zanzibar fúnra rẹ̀, dọ́là 44 fún àgbàlagbà, èyí tẹ́ ẹ rà nílé kò sì lè dípò rẹ̀. Dọ́là tó gbó, tàbí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ọdún 2006, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Ẹ má fi láílọ́ọ̀nù di ẹrù rárá, òfin kà á léèwọ̀ níbẹ̀; ẹ lo àpò aṣọ.

Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti máa wọkọ̀ òfurufú, ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Tíkẹ́ẹ̀tì Ìlọrin sí Èkó dá dúró lọ́tọ̀: tí ọyẹ́ bá bo pápá wa mọ́lẹ̀, tí ọkọ̀ ò lè gbéra, ọkọ̀ òkè òkun ò ní dúró dè yín, wọn ò sì jẹ yín ní gbèsè kankan.

Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, bọ́ọ̀sì akérò tí wọ́n ń pè ní dala-dala ló rọjú jù. Nọ́ńbà 116 ń lọ Nungwi, 309 ń lọ Jambiani. Ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ fúnra rẹ̀ nílò ìwé àṣẹ Zanzibar, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì ń gbà. Tó bá bọ́ sínú Ààwẹ̀, ẹ má jẹun níta gbangba lọ́sàn-án. Wọ́n á kí yín pé "habari", ọmọ ìyá làbárì wa ni.

Ọ̀rọ̀ aago ló kù, òun ló sì ń mú kí èèyàn pàdánù ọkọ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n ti ń kà á ní Swahili: "saa moja", wákàtí kìíní, ni aago méje àárọ̀ tiwa, "saa mbili" ni aago mẹ́jọ. Aago Zanzibar tún fi wákàtí méjì ṣáájú ti Nàìjíríà. Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá ń bá awakọ̀ tó máa gbé yín lọ sí pápá sọ̀rọ̀, ẹ gbé fóònù síwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ fìka tọ́ka sí nọ́ńbà aago tẹ́ ẹ fẹ́ gbéra, kó tún un kà fún yín.