Lẹ́ǹsì 24mm nínú yàrá híhá

Ọjọ́rú, lálẹ́.

Yàrá tí a ti ya fíìmù lónìí nílùú Ìbàdàn há débi pé nígbà tí bẹ́ẹ̀dì wọlé tán, agbára káká ni èmi àti kámẹ́rà fi ráyè. Màmá tó ń ṣe ìyá nínú eré yóò jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, yóò máa tú ẹrù ọmọ rẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa rí ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ náà máa gbà yọ. Mo yọ lẹ́ǹsì 50mm kúrò lára kámẹ́rà, mo fi 24mm sí i; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó ni lẹ́ǹsì ṣe ń fẹjú tó.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé lẹ́ǹsì tó fẹjú máa ń kó nǹkan púpọ̀ wọnú àwòrán. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi tó fíìmù fọ́tò 35mm), 24mm ń rí nǹkan bíi dígírì 84 láti igun kan sí ìkejì, 50mm kò ju bíi 47 lọ. Ṣùgbọ́n èmi kì í tìtorí ìyẹn mú un. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kì í jẹ́ kí n dúró lókèèrè. Bí mo bá jìnnà, Màmá á kéré, ògiri ni yóò gba gbogbo àwòrán. Mo sún mọ́ ọn títí mo fi ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kó sí mi lẹ́nu ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ wà."

Ọwọ́ rẹ̀ tó ń tú ìdí àpò wá tóbi níwájú, gbogbo iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ náà hàn, ilẹ̀kùn sì sún sẹ́yìn réré, bí ẹni pé ọmọ náà yóò rìn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Nínú yàrá kan ṣoṣo!

Ojú ènìyàn gba sùúrù ṣá. Tí mo bá sún mọ́ ọn jù, imú á yọ síwájú, etí á sá sẹ́yìn. Àwọn kan ń dá lẹ́ǹsì lẹ́bi, ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ ló ń fà á, kì í ṣe gíláàsì. Àárín ni mo fi ojú Màmá sí, nítorí etí àwòrán ni nǹkan ti máa ń fà gùn.

Kò sì sí kọ̀rọ̀ tí lẹ́ǹsì yìí kì í rí. Àjà hàn, ẹni tó di ọ̀pá máìkì mú kò ríbi dúró. Abẹ́ ìborùn Màmá la fi máìkì kékeré pamọ́ sí, ìta fèrèsé ni iná wà. Nígbà tí Gregg Toland, ayàwòrán fíìmù ará Amẹ́ríkà, ń ya fíìmù Citizen Kane, tó jáde ní 1941, aṣọ ni wọ́n ta ṣe àjà, kí máìkì lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ láti òkè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sergei Urusevsky lẹni tí mo máa ń rántí jù, ayàwòrán fíìmù ará Soviet; òun ló ya fíìmù Soy Cuba tó jáde ní 1964. Lẹ́ǹsì 9.8mm ló fi ya ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí àgbẹ̀ arúgbó gbọ́ pé wọ́n ti ta ilẹ̀ tó ń dáko ìrèké sí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá ṣá ìrèké láìwẹ̀yìn, kámẹ́rà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fì bí àdá ṣe ń fì. Ká ní lẹ́ǹsì gígùn, tó ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, ni, ẹ̀bá oko ni à bá ti máa wò ó.