Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tójú mi rí lọ́dọ̀ lánlọ́ọ̀dù wa ní Kubwa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yálé gbé ní Abuja níbí, ẹ fara balẹ̀ ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mo kàn ń rò ó pé ta ló fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ayálégbé, àfi bí àbúrò mi kan ṣe pè mí láti Lugbe lọ́sẹ̀ tó kọjá pé onílé àwọn ti yọ wáyà iná àwọn torí pé àwọn ní kó wá tún páìpù tó bẹ́ ṣe. Mo ní háà, ẹjọ́ wa náà kọ́ rèé?

2019 la kó dé Kubwa. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ní Garki, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ nílé ìwé aládàáni kan, a rí yàrá méjì àti pálọ̀, inú wa dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ilé ṣe wọ́n tó níbí. Ájẹ́ǹtì gba 10 pàsẹ́ǹtì tiẹ̀, lọ́yà onílé gba 10 pàsẹ́ǹtì owó àgírímẹ́ǹtì, wọ́n tún ní ká san owó kọ́ṣọ̀n, owó ìdúró nítorí ohun tá a bá bà jẹ́, a san án. Ni wọ́n bá gbé ìwé ojú ewé mẹ́rin jáde, "Mádáàmù, ẹ sáìn síbí," mo sáìn. Mi ò kà á o. Kí n má parọ́ fún yín, ibi tí wọ́n fi bírò máàkì sí nìkan lojú mi rí. Kọ́pì tiwa gan-an, ọdún kejì ni mo tó lọ gbà á lọ́wọ́ ájẹ́ǹtì, ìyẹn nígbà tí iná ti ń jó wa nídìí.

Bàbá tó nilé, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wọ́n ti wà lókè Ọya kíjọba àpapọ̀ tó kó kúrò l'Ékòó wá sí Abuja ní 1991. Ìyáwó ni wọ́n máa ń pè mí, èmi náà á kúnlẹ̀ kí wọn, bọ́dún Iléyá bá dé wọ́n á fẹran ránṣẹ́. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn, torí onílé tí ẹ̀ ń kúnlẹ̀ kí, báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ fún un pé ó jẹ yín ní páànù?

2021, òjò àkọ́kọ́ lóṣù kẹrin, ẹ mọ̀ pé ìjì ló máa ń ṣáájú òjò níbí, ìjì yẹn ká páànù mẹ́ta lórí yàrá àwọn ọmọ. Omi wọlé, síílíǹgì rọ̀ bí ẹ̀kọ, ọjọ́ kẹta ó já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ọlọ́run ló yọ wá, àwọn ọmọ wà ní skúùlù. Àfi bíi pé ìyẹn ò tó, sọ́kàwéè ẹ̀yìnkùlé kún, ó ń ṣàn gba iwájú kíṣìnnì, òórùn tí kì í jẹ́ ká jẹun. Mo pe bàbá. "Ìyáwó, mo ti gbọ́, kápẹ́ńtà ń bọ̀ lọ́la." Ọ̀la yẹn, òjò lọ tán, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ tún fẹ́ lọ, a ò rí kápẹ́ńtà. Mo ka iye ìgbà tí mo pè wọ́n, ó lé ní ogún. Gbogbo ẹ̀ ẹnu lásán.

Ọkọ mi ní ká má san réǹtì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń fẹsẹ̀ ara wa rìn lọ sínú kòtò. Ọkùnrin kan wà ní fúláàtì kejì, ọmọ Benue, èèyàn dáadáa, òun ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ sí bàbá lójú pé òun ò ní san kọ́bọ̀ àyàfi tí wọ́n bá tún òrùlé ṣe, oṣù mẹ́jọ ni kò san. Bàbá ò bá a jà, wọ́n fún un ní nótíìsì, wọ́n gbé e lọ sí District Court. Adájọ́ bi í pé ìwé dà tó o fi sọ fún onílé pé ilé ń jò? Kò sí. Fótò? Ó ní fóònù òun ti bà jẹ́. Bàbá ní tiwọn kó ìwé réǹtì jáde. Bí ẹni tílé jò mọ́ lórí ṣe di ajẹgbèsè nìyẹn, ó san gbèsè, ó tún kó jáde.

Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù tí mo fi lọ bá Bùrọ̀dá Lọ́yà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ọlọ́run á máa bù sí i fún wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé kí n yéé ka òfin Èkó lórí Facebook, òfin ilé gbígbé ti 2011 yẹn, ìpínlẹ̀ Èkó ló ni ín, Recovery of Premises Act, òfin bí onílé ṣe ń gba ilé ẹ̀ padà, ni ti Abuja. Kódà ẹ̀yin ará Mararaba tẹ́ ẹ̀ ń pe ara yín lará Abuja, ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ wà o, òfin tibẹ̀ ló kàn yín.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ títún ilé ṣe, kì í ṣe pé òfin kàn dì í rù onílé báyìí, àgírímẹ́ǹtì ló ń sọ ẹni tó ni ín. Àgírímẹ́ǹtì tí mi ò kà! Ẹ wo bójú ṣe tì mí. A jókòó kà á níbẹ̀, ìpínrọ̀ kẹfà: òrùlé, ògiri ìta, sọ́kàwéè, ti onílé ni, gúlóòbù, kọ́kọ́rọ́, ọ̀dà inú ilé, tiwa ni. Mo fẹ́ẹ̀ pariwo. Láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi fẹ́ lọ ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan tó ti wà nínú ìwé.

Mo wá bi wọ́n pé tí bàbá bá bínú lé wa jáde ńkọ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ọdọọdún lẹ̀ ń sanwó tí àgírímẹ́ǹtì ò sì sọ nǹkan míì, nótíìsì oṣù 6 ni, ẹni tó ń san lóṣooṣù oṣù 1, ẹni tó ń san lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀ 1. Ṣùgbọ́n tí àgírímẹ́ǹtì yín bá kọ oṣù 1 tẹ́ ẹ sì ti sáìn ín, oṣù 1 náà ni o, ẹ lọ wo tiyín. Tí ìyẹn bá pé, nótíìsì ọjọ́ 7 ló kàn, pé òun ń lọ sí kọ́ọ̀tù. Tó bá jẹ́ iye ọdún kan pàtó lẹ gbà tó sì ti parí, ọjọ́ 7 yẹn nìkan ló máa fún yín. Ó tún di ìgbà tí kọ́ọ̀tù bá sọ̀rọ̀ kẹ́nikẹ́ni tó lè gbé ẹrù yín síta. Yíyọ páànù, yíyọ wáyà, fífi págádà ti géètì, kò sí èyí tó tọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gan-an dán an wò fún Ojukwu, olórí Biafra nígbà ogun, wọ́n lé e kúrò nílé kan ní Ikoyi nígbà tẹ́jọ́ ṣì wà nílẹ̀, Supreme Court, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ò gbè wọ́n ní 1986. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kìlọ̀ pé Supreme Court kan náà ní 2021 ti sọ ọ́ fún ayálégbé tó jẹ réǹtì pé kó má sá sábẹ́ àṣìṣe inú nótíìsì mọ́. Torí náà ẹ san réǹtì yín, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.

La bá kọ lẹ́tà. Ojú ewé kan péré. A kí bàbá dáadáa, a sọ ọjọ́ tí ìjì jà, ọjọ́ tí síílíǹgì já, ìpínrọ̀ kẹfà, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe láàárín ọjọ́ 14, a fi fótò mọ́ ọn. Wọ́n kọ̀ láti sáìn kọ́pì tiwa, mo bá yà á, mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, mo dúró títí máàkì méjèèjì fi di búlúù.

Áà, ẹ wo ìjà! Ìdájí ọjọ́ kejì bàbá ti dé. "Ìwọ ìyáwó! Ìwé lo kọ sí mi? Ṣé àwa ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?" Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú bàbá, ìwé ò bú yín. Ó dùn mí o, mi ò ní ṣe bí akin, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n fún wa ní nótíìsì oṣù 1, bẹ́ẹ̀ àgírímẹ́ǹtì wa ò kọ oṣù kankan, ọdọọdún la sì ń sanwó. Wọ́n fi págádà ti ẹ̀rọ omi, la bá ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa láràárọ̀. Ọjọ́ kan ni mo rí ọlọ́pàá méjì lẹ́nu géètì, wọ́n ní ká wá sí àgọ́ wá dáhùn ọ̀rọ̀ ilé. Mo pe Bùrọ̀dá Lọ́yà, mo fi wọ́n sí spíkà, wọ́n fohùn pẹ̀lẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá náà, wọ́n rán wọn létí ACJA 2015, òfin bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn, abala 8(2), pé wọn kì í mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán, pé Police Act 2020 náà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn yẹn wo ara wọn, wọ́n ní "Madam, just settle with your landlord," wọ́n lọ.

Ohun tó wá tú kókó náà, ìyàwó Bùrọ̀dá Lọ́yà ló rò ó. Wọ́n ní ṣé kò sí wolé-wolé mọ́ ní Naijiria ni? Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé ayé àwọn ìyá wa ni wolé-wolé bá lọ. Àṣé wọ́n wà ní Area Council, ìjọba ìbílẹ̀ ti Abuja, ẹ̀ka ìmọ́tótó. Mo kọ̀wé fún wọn (mo ti di akọ̀wé kọwúrà), wọ́n wá wo sọ́kàwéè tó ń ṣàn níbi tọ́mọdé ti ń ṣeré, wọ́n kọ ìwé fún onílé, wọ́n fún un ní gbèdéke, pé tí kò bá kó o, kọ́ọ̀tù ni. Ọjọ́ kẹrin ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ dé. Ọjọ́ kẹrin péré! Èmi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn làwọn àgbà Yorùbá ní Kubwa pè wá jókòó. Wọ́n ti parí ẹ̀ fún wa rí lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo wa mu mínírà, bàbá ṣèlérí, ìlérí yẹn ò sì ju ẹnu ọ̀nà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́. A gbà pé àwa la máa tún òrùlé ṣe, kápẹ́ńtà mẹ́ta wá díye lé e, a mú ti àárín, 240,000 náírà, Dei-Dei ni mo ti lọ ra páànù pẹ̀lú kápẹ́ńtà náà kí wọ́n má bàa fún wa ní èyí tó fẹ́lẹ́, owó yẹn á kúrò nínú réǹtì 2022. Bàbá sáìn, ọkọ mi sáìn, ẹlẹ́rìí méjì sáìn, wọ́n sì ṣí ẹ̀rọ omi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbogbo rìsíìtì ṣì wà nínú báàgì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ní Bùrọ̀dá Lọ́yà, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní lọ́yà, wà fún ẹni tówó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Abuja Multi-Door Courthouse náà wà láti 2003, wọ́n máa ń bá èèyàn làjà láìdi pé ẹ dúró níwájú adájọ́. Àbúrò mi ti Lugbe, mo ní kó kọ́kọ́ ya fótò wáyà yẹn ná kó tó fẹnu kan ẹnikẹ́ni.

A ṣì wà nílé yẹn o. Ó tó oṣù mẹ́fà tí bàbá fi ń dáhùn kíkí mi bákan ṣá, ṣùgbọ́n ó ti lọ báyìí. Oṣù tó kọjá, ìdè géètì já, mo pàdé wọn níta, mo kúnlẹ̀, mo ní bàbá, géètì wa ti fẹ́ ṣubú o. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyáwó, kọ ọ́ sínú ìwé."